Ẹ Bi Àǹtí: Fídíò àwọn ọmọ tó ti lọ, ṣé ó lè mú àwọn míì forúkọ sílẹ̀?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tí ọmọ ilé ìwé kan máa lọ lo sáà kan tàbí odindi ọdún nílé ìwé míì lókè òkun, àti báwọn tó ń ṣètò ẹ̀ ṣe fẹ́ máa fi fọ́tò àti fídíò táwọn ọmọ yẹn ń ṣe fúnra wọn polówó. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ẹ má bínú. Ẹni tí mi ò bá dá lóhùn, kó wo abẹ́ ìbéèrè ẹlòmíì, ó ṣeé ṣe kí tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì tó ń rí sí pàṣípààrọ̀ ní yunifásítì kan ni mo wà. A ní ìwé ìléwọ́ tó dáa, a gba oníkámẹ́rà tó ya fídíò olówó ńlá fún wa, síbẹ̀ àwọn ọmọ ò forúkọ sílẹ̀. Wọ́n wá ní ká lo ohun táwọn tó ti lọ bá ṣe. A ní kí wọ́n kọ ìrírí wọn ránṣẹ́, ohun kan náà ni gbogbo wọn kọ: "Ìrírí tó dùn gan-an ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì yín." Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Àǹtí: Ẹ ò lè fi ṣe nǹkan kan, ká má parọ́ fúnra wa. Àmọ́ ẹ̀bi àwọn ọmọ náà kọ́ o. Tẹ́ ẹ bá ní kéèyàn "kọ ìrírí ẹ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì", lẹ́tà ìdúpẹ́ lẹ máa gbà, torí ohun tó yé wọn nínú ẹ̀ ni pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yìn yín. Ẹ dẹ̀ wá gbé ìyìn yẹn síwájú ọmọ tó ń wo fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó jẹ́ pé tó bá ti rí ìpolówó lókèèrè ló ti mọ̀ ọ́n. Ó máa yí i kọjá ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa, kí ló ń dá ọmọ tó wù láti lọ dúró gan-an? Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ìlú òkèèrè rẹwà, ó mọ̀. Ohun tó ń rò tí ò jẹ́ kó sùn ni pé ta ló máa wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ibo ni màá sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tí mi ò bá gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ ńkọ́, ṣé kọ́ọ̀sì tí mo bá ṣe lọ́hùn-ún máa wọlé sínú èsì mi tí mo bá dé àbí màá tún fi ọdún kan jókòó, owó tí wọ́n ní wọ́n máa fún mi yẹn, ìgbà wo ló máa ń wọlé ná. Àwọn òbí náà ní tiwọn. Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì yín ti kọ ìdáhùn gbogbo ìyẹn sínú ìwé, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹni tó dé ibẹ̀ jáde, tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ lé e lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń wọ etí.

Torí náà ìbéèrè yín ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ ní kí ọmọ náà fi fóònù ya ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ dé kíláàsì, kó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn. Ẹ bi í pé kí lo dì sínú báàgì tó ò lò rárá, kí lo fi sílẹ̀ tó o wá ń wá kiri. Ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe Learning Agreement ẹ̀, èyí gan-an ló wù mí jù. Ẹni tó bá Erasmus+, ètò pàṣípààrọ̀ ti Yúróòpù, lọ mọ ìwé yẹn, ọmọ fúnra ẹ̀, ilé ìwé tó ń rán an lọ àti èyí tó fẹ́ gbà á ló jọ ń buwọ́ lù ú, òun ló ń sọ kọ́ọ̀sì tó máa ṣe àti kírẹ́dìtì tí wọ́n máa kà fún un tó bá padà (odindi ọdún kan jẹ́ kírẹ́dìtì 60 nínú ECTS, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ka kírẹ́dìtì ní Yúróòpù). Ọmọ lè débẹ̀ tán kí wọ́n ní kọ́ọ̀sì kan ò sí mọ́, tàbí kí àsìkò ẹ̀ kọ lu òmíì, á wá di pé kó tún ìwé náà ṣe nígbà tó jẹ́ pé kò tíì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú méjì tí ọmọ kan fi sọ bóun ṣe tún tòun ṣe, ẹni tóun kọ iméèlì sí, iye ọjọ́ tóun fi dúró, mo fẹ́ ẹ ju ogún fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀ létí òkun lọ.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun náà. Nígbà tí Erasmus, tó ti di Erasmus+ báyìí, bẹ̀rẹ̀ ní 1987, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ló bá a lọ, láti orílẹ̀-èdè 11. Ní 1989 wọ́n pe díẹ̀ lára àwọn tó ti lọ jọ sílùú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù pé kí wọ́n wá sọ bó ṣe rí gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Erasmus Student Network ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ táwọn tó ti lọ fi ń ran àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ṣẹ́ ẹ rí i, wọn ò pè wọ́n wá yin ètò o, wọ́n pè wọ́n wá sọ ohun tójú wọn rí. DAAD, àjọ pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti Jámánì náà, àwọn yẹn ti wà látọdún 1925, wọ́n ṣe ètò kan tó ń jẹ́ "studieren weltweit – ERLEBE ES!" (kàwé káàkiri ayé, fojú ara ẹ rí i), àwọn ọmọ tó ń kàwé lókè òkun lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣe akọ̀ròyìn, àwọn ló ń kọ̀wé tí wọ́n ń ya fídíò láti ibi tí wọ́n wà. Ibi tí wọ́n wà lọ́wọ́ ni mo sọ o. Ẹni tó ti padà sílé á ti máa gbàgbé orúkọ fọ́ọ̀mù tó fẹ́ẹ̀ pa á lẹ́kún nígbà yẹn.

Ìbéèrè: Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ àwọn ọmọ wa á máa fi fídíò ránṣẹ́ bí òjò, tó bá yá wọ́n á dákẹ́ lọ gbáú. Ṣé ká máa lé wọn ni?

Àǹtí: Ẹ má lé wọn o. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan ló ń dán. Olùwádìí kan, Sverre Lysgaard, ará Norway, bá nǹkan bí 200 ọmọ ìlú ẹ̀ tó gba skọ́láṣíìpù Fulbright lọ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, ó gbé ohun tó rí jáde ní 1955: àwọn tí kò tíì lò tó oṣù mẹ́fà àtàwọn tó ti lò ju oṣù 18 lọ, ara tù wọ́n, àwọn tó wà láàárín ni nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ fún. Àwọn olùwádìí míì ti bá a jiyàn lẹ́yìn ẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀, mo gbà, àmọ́ ẹni tó bá ti rán ọmọ lọ rí mọ̀ pé ìgbà kan máa ń wà tí ilẹ̀ àjèjì náà á sú èèyàn, tí kò ní wù ú kó gbé kámẹ́rà sójú ara ẹ̀.

Ohun méjì ni màá sọ lórí ẹ̀. Tí ọmọ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ọ́fíìsì jáde ò gbọdọ̀ jẹ́ "fídíò ọ̀sẹ̀ yìí dà". Ẹ bi í pé báwo ni ara. Kí ẹni tó ń bi í dẹ̀ jẹ́ ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i, kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka ìpolówó tí kò mọ̀ ju Instagram lọ. Ìkejì, tó bá jẹ́ pé ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn nìkan lẹ ń gbé jáde, àwọn tó ń bọ̀ á rò pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí títí dé ìparí, tó bá wá di oṣù kẹta tí nǹkan le, kálukú á rò pé òun nìkan ni tòun burú. Ẹ bá wọn ṣètò ẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, pé a máa gbọ́ láti ẹnu yín nígbà tẹ́ ẹ bá dé, nígbà tí ìdánwò bá sún mọ́, nígbà tẹ́ ẹ bá ń dì láti padà, àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti délé. Àwọn èèyàn máa ń gbójú fo ti lẹ́yìn tí wọ́n délé yìí, ó dẹ̀ lọ́rọ̀ nínú, torí pípadà sílé náà ní wàhálà tiẹ̀, tọkọtaya olùwádìí kan, àwọn Gullahorn, ti kọ nípa ẹ̀ láti 1963. Ọmọ tó ń sọ pé ó ti ṣòro fóun láti bá àwọn ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ sọ̀rọ̀ bíi tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa, ó ń sọ pé ibi tóun lọ ti yí òun padà. Ìpolówó wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ìbéèrè: Ọmọ kan fi fọ́tò ẹ̀ sórí Instagram, ó fi hashtag ètò wa sí i. Ọ̀gá wa ní ká tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ìpolówó, a sì tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ń bínú báyìí. Ọ̀gá ní hashtag tó fi sí i ti tó àṣẹ. Ta ló jàre?

Àǹtí: Ọmọ ló jàre, kí ọ̀gá má bínú sí mi.

Ẹni tó ya fọ́tò ló ni kọ́píráìtì ẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tó lè lò ó, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ohun tó wà nínú àdéhùn Berne nìyẹn, àdéhùn àgbáyé lórí kọ́píráìtì tó ti wà láti 1886 tí orílẹ̀-èdè tó ju 170 lọ sì ti wọ̀. Hashtag ò ju kéèyàn rí nǹkan lọ, kò sọ pé ẹ lè gbé ojú mi sí ìkóríta. Nǹkan kan tún wà tí wọn kì í rántí, ẹni tó wà nínú fọ́tò lè má jẹ́ ẹni tó yà á. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló bá a yà á, ẹni méjì lẹ máa gba àyè lọ́wọ́ wọn.

Kò dẹ̀ le rárá, àní ẹ lè kọ ọ́ sí i lórí Instagram náà: "A rí fọ́tò tó o yà ní láíbìrì yẹn, ó wù wá. A fẹ́ lò ó lórí ìkànnì wa àti nínú ìwé ìléwọ́ ọdún tó ń bọ̀, orúkọ ẹ àkọ́kọ́ nìkan la máa kọ sí i. Tó ò bá fẹ́, kò burú. Tó o bá sì yí ọkàn padà tó bá yá, kọ̀wé sí wa, a máa yọ ọ́ kúrò." Ó parí. Ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ lò ó, àsìkò tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó dé, orúkọ, àti ọ̀nà tó lè gbà yọwọ́. Ẹ má há a mọ́ inú fọ́ọ̀mù skọ́láṣíìpù o, pé ẹni tó bá gba owó ti gbà ká lo fọ́tò ẹ̀, torí kò sí bí ọmọ tó ń wá owó ṣe fẹ́ sọ pé rárá. GDPR, òfin dátà ti Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ní àṣẹ tí wọn ò fi tọkàntọkàn fún yín kì í ṣe àṣẹ, ó tún ní bó ṣe rọrùn láti fún un ló gbọ́dọ̀ rọrùn láti gbà á padà. Tẹ́ ẹ bá ń rán ọmọ lọ síbẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ̀ ń gbà wọ́n wá láti ibẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú lọ́yà lórí ẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó wà lẹ́yìn ọmọ náà nínú fọ́tò. Jámánì ti ní òfin láti 1907 pé wọn ò gbọdọ̀ gbé àwòrán ojú èèyàn káàkiri láìgbàyè lọ́wọ́ ẹ̀, àyàfi níbi mélòó kan tí òfin yọ sílẹ̀, torí náà ọmọ kíláàsì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kì í ṣe àga. Ilé gogoro Eiffel ní Paris ńkọ́? Lọ́sàn-án kò sí wàhálà. Lálẹ́, iná tí wọ́n tàn sí i lára ní kọ́píráìtì, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ajé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Orin náà tún wà ńbẹ̀. Ọmọ lè fi orin tó ń jà nígboro sí fídíò ẹ̀ lórí àkáǹtì ara ẹ̀, kó má sí nǹkan kan, ẹ̀yin gbé fídíò kan náà sórí àkáǹtì ilé-iṣẹ́, wọ́n lè pa ohùn ẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀, torí àwọn orin tí TikTok yọ̀ǹda fún àkáǹtì ìṣòwò ò pọ̀ tó tàwọn yòókù. Ẹ ní kó fi èyí tí kò ní orin ránṣẹ́ sí yín.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ ǹ lẹ́ o. Mo wà lókè òkun báyìí, àwọn tó mú mi wá fi mí ṣe aṣojú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń fún mi lówó díẹ̀ lóṣooṣù. Mo sọ nínú fídíò kan pé òrùlé yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ń jò, wọ́n ní kí n yọ ibẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́? Ṣé mo dẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n ń sanwó fún mi?

Àǹtí: Àbúrò mi, ti owó ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí kò lọ́jú pọ̀ rárá. Sọ ọ́. Fi í síbi tí wọ́n á ti rí i, níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ọgbọ̀n hashtag. Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní ẹni tó bá ń gba owó, tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó fún gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn, ní oṣù Kẹjọ 2024 wọ́n tún gbé òfin jáde tó ka ẹ̀rí irọ́ léèwọ̀, títí kan èyí tí wọ́n ní kí AI kọ lórúkọ ẹni tí kò sí láyé, àti kí wọ́n máa sanwó féèyàn pé rere nìkan ni kó sọ. Ìlú míì náà ní irú ẹ̀. "Wọ́n ń sanwó fún mi láti ya fídíò yìí, àmọ́ èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi", ẹni tó gbọ́ ìyẹn ò ní sá lọ.

Ti yàrá wá ni. Ṣó o ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì kó o tó sọ ọ́ sójú kámẹ́rà? Tó ò bá tíì sọ ọ́, kọ́kọ́ sọ ọ́, kó o fún wọn láyè kí wọ́n tún un ṣe. Tó o bá ti sọ ọ́ tí wọ́n sì ti pààrọ̀ yàrá fún ẹ, má yọ ọ́ rárá, ṣe ni kó o fi ìyókù ẹ̀ sí i: ẹni tó o pè, ìgbà tí wọ́n dáhùn, ibi tí wọ́n gbé ẹ lọ. Bá wọn sọ ọ́ báyìí, pé òbí tó ń wo fídíò yẹn mọ̀ pé kò síbi tí omi kì í ti í jò, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé tó bá jò, ta ló máa dá ọmọ òun lóhùn. Tí wọ́n bá ṣì ní dandan ni kó o yọ ọ́, tiwọn ni àkáǹtì tiwọn, wọ́n lè má gbé e síbẹ̀. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n ní kó o sọ pé yàrá dáa nígbà tí kò dáa. Ìyẹn ni kó o kọ̀.

Ìbéèrè: Irú kámẹ́rà wo ni ká rà fún wọn?

Àǹtí: Ẹ má ra kámẹ́rà. Tówó bá wà, ẹ ra máìkì kékeré tó ń so mọ́ ọrùn aṣọ, torí èèyàn á fara da àwòrán tí ò mọ́ tó, kò ní fara da ohùn tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ sí ìsàlẹ̀ fídíò fáwọn tí kò gbọ́rọ̀ àtàwọn tó pa ohùn fóònù wọn. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa fún un pọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, á ṣe bàìbàì.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, wà lọ́dọ̀ ìdílé kan tó gbà á sílé nínú ètò pàṣípààrọ̀. Àwọn olùṣètò ní kó máa ya fídíò ojoojúmọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mo rí orúkọ àdúgbò lójú pópó nínú ọ̀kan.

Àǹtí: Ó yẹ kẹ́rù bà yín. Ẹ pè wọ́n lónìí. Ọmọ tí kò tíì pé 18, ẹ̀yin òbí ló yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lo ojú ẹ̀ fún ìpolówó, tí wọn ò bá bi yín, ẹ bi wọ́n pé ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù dà. Ẹ bá òun náà sọ ọ́ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, kó gbé e jáde lọ́la tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́, kó pa location inú kámẹ́rà fóònù ẹ̀, kó má ya ilẹ̀kùn ilé, aṣọ ilé ìwé tó ní orúkọ lára, pásípọ́ọ̀tù tàbí físà. Ìwé tí wọ́n fi ń wọ bààlúù náà wà ńbẹ̀, inú àmì onílàlà ara ẹ̀ yẹn ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì wà, ẹni tó bá fi fóònù kà á lè wọ inú ètò ìrìn àjò ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdílé tó gbà á ńkọ́? Tí wọ́n bá ní ọmọ kékeré, ọmọ yẹn ò sí lára ètò pàṣípààrọ̀ kankan, kó má fi sínú fídíò láìjẹ́ pé àwọn òbí ẹ̀ gbà. Fídíò ojoojúmọ́ gan-an, mi ò fara mọ́ ọn. Ilé ìwé ló lọ.

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa ń béèrè pé gbogbo fídíò yìí, èrè wo ló mú wá? Àwọn tó tẹ like pọ̀ gan-an.

Àǹtí: Like ò kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ fi ìbéèrè kan sínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe "níbo lo ti gbọ́ nípa wa", gbogbo èèyàn á kàn tẹ "íntánẹ́ẹ̀tì" ni. Ẹ bi wọ́n pé "kí lo rí tàbí tó o gbọ́ tó jẹ́ kó o pinnu láti forúkọ sílẹ̀?", kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara wọn. Ẹ tún ka iye ìbéèrè tó ń wọlé lábẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ti ń bi ọmọ náà pé "fọ́ọ̀mù wo lo kọ fún físà" lágbára ju èyí tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ti ní "ó mà dùn o" lọ.

Ẹ wo ẹni tí kò kọ fọ́ọ̀mù náà o. Tó bá jẹ́ àwọn tó lẹ́nu, tó rẹwà, tí bàbá wọn lówó nìkan ló wà nínú gbogbo fídíò yín, ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ọmọ tó jẹ́ skọ́láṣíìpù nìkan ló lè gbé e lọ, ọmọ tó ń tijú, ìyá ọmọ tó padà sílé ìwé, wọ́n á ti rò pé tiwọn kọ́. Irú wọn ti bá yín lọ rí, ẹ wá wọn lọ, ẹni tí kò bá fẹ́ fojú hàn lè fi ohùn nìkan sọ ọ́, tàbí kó kọ ọ́. Kẹ́ ẹ dẹ̀ fi ìbéèrè tí mo sọ yẹn sínú fọ́ọ̀mù kí ìforúkọsílẹ̀ tó ń bọ̀ tó ṣí, torí tó bá ti ṣí tán, ẹ ò ní rí ìdáhùn kankan kó fún ọ̀gá títí di ọdún tó tún ń bọ̀.